Ohùn Àpèkẹ́ Nínú Yàrá Àdúrà

Àǹtí Bernice ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, lọ́jọ́ tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Kúje. Ó ní òun ò lè gbé e sínú mọ́. Òun ni olórí àwọn tó ń gbàdúrà ní Ilé Àdúrà Dúró-de-Olúwa nígbà náà, gbogbo rẹ̀ sì ṣojú rẹ̀. Ohun tí kò yé òun náà, Àdúràolúwa ló là á yé e lẹ́yìn náà.

Àdúràolúwa ni ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Olúgbóyèga àti ìyàwó rẹ̀, Àpèkẹ́, bí; Àdúrà ni wọ́n máa ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí. Festac ni wọ́n bí i sí, nínú ilé tí ìjọba àpapọ̀ fún bàbá rẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní mínísírì. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́. Nígbà tí ilé àdúrà náà ra sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù àti fóònù ilé àdúrà ń ti inú rẹ̀ mú nǹkan, òun ni wọ́n pè pé kó wá máa tọ́jú rẹ̀. Ó gbà á tayọ̀tayọ̀. Kúje tí ilé àdúrà náà wà kò jìnnà sí Festac; ẹsẹ̀ ló fi ń rìn dé ibẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo á pe nọ́ńbà ilé àdúrà, á sọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ á sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn kọ̀ọ̀kan á di fáìlì kan tó ń jẹ́ orúkọ onítọ̀hún. Inú fódà ńlá kan báyìí ni wọ́n ń kó gbogbo wọn sí, wọ́n sì ń pe fódà náà ní Ìdúró. Òfin kan ló wà lórí rẹ̀: wọn kì í yọ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni kúrò ní Ìdúró àfi tí ẹni náà bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá jẹ́rìí pé Olúwa ti dá òun lóhùn. Ẹni tó ti kó lọ sí ìlú mìíràn kò ní wá. Ẹni tó ti kú kò lè wá. Àǹtí Bernice a sì máa sọ pé ẹni tí Olúwa bá tètè dá lóhùn, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbàgbé ọ̀nà Kúje. Bẹ́ẹ̀ ni Ìdúró ṣe ń kún, tí kò fà.

Gbogbo ọjọ́ Jimọ́ ni àwọn aládùúrà máa ń gbé ọwọ́ lé àwọn ẹ̀bẹ̀ náà. Wọ́n á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n á ki íápíìsì sí etí, wọ́n á gbọ́ ohùn ẹni náà, wọ́n á gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ, wọ́n á gbàdúrà. Bí wọ́n bá ṣe àmín, wọ́n á sèéfù fáìlì náà padà, kí ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lè di ọjọ́ òní. Àǹtí Bernice ló fi ìyẹn lélẹ̀. Ó ní, "Bí ọjọ́ kò bá yí padà, ẹ ò tíì gbọ́wọ́ lé e nìyẹn. Ẹ má fi àdúrà ẹlòmíì ṣe àfẹnusọ."

Nígbà tí àìsàn dá Àpèkẹ́, ìyá Àdúràolúwa, dúbúlẹ̀, òun náà pe nọ́ńbà yẹn láti orí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo èèyàn rò pé ìwòsàn ló máa tọrọ. Ohun tó sọ nìyí: "Ẹ bá mi bẹ Olúwa nítorí ọkọ mi. Kó má jẹ́ kó máa dá jẹun. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá jẹun." Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ó ti gbà á báyìí? Àdúrà, ibo ni mo máa tẹ̀?" Ẹ̀rín yẹn wà nínú fáìlì náà, àti ìbéèrè yẹn, nítorí kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ títí tí ọmọ rẹ̀ fi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ló kú.

Bàbá Olúgbóyèga kì í ṣe ẹni tó ń sunkún lójú ayé. Ohun tó ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí yàrá àdúrà. Kò dúró de ọjọ́ Jimọ́. Láràárọ̀ ni, bó bá ti wẹ̀, tó ti wọ ẹ̀wù tó lọ̀ dáadáa bí ẹni tó ṣì ń lọ sí ọ́fíìsì, á rìn wá láti Festac, á jókòó, á gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ, á sèéfù ẹ. Á wá dìde, á kí gbogbo èèyàn, á máa lọ. Kò sẹ́ni tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Àdúràolúwa ní tirẹ̀ kò lè gbọ́ ohùn yẹn. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó yọ íápíìsì, ó jáde síta. Ó fi sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

Lọ́dún 2008, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Èèyàn á pe nọ́ńbà àdúrà, á máa dún, á máa dún, kò ní gbà. Ìwàásù tí àwọn ènìyàn ń wá gbọ́ lórí ẹ̀rọ kò ní ṣí. Àdúràolúwa fẹ̀sùn kan iná tó ń ṣe ségesège, ó pààrọ̀ wáyà, ó wá ẹni tó wo jẹnẹrétọ̀, kò yàtọ̀.

Pásítọ̀ Ezra, tó ni àṣẹ ilé àdúrà, pe òun àti Àǹtí Bernice jókòó.

"Àdúrà ọmọ mi," ó ní, "àwọn ará ìjọ tó wà ní Ìjẹgun-Ẹ̀gbá ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ọ̀run yá gbọ́ ju fóònù wa lọ."

"Ẹ má bínú, sà. Mo ń wá ohun tó fà á."

"O ti ń wá a látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo mọ ẹrù. Ẹrù ló pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká kó Ìdúró dànù. Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ti àwọn tó ti sùn nínú Olúwa."

Àǹtí Bernice gbé ojú sókè. "Ta ló jẹ́rìí fún wọn, sà?"

"Bernice, òkú kì í jẹ́rìí."

"Nítorí náà la ò ṣe gbọdọ̀ kó wọn. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ òfin yẹn."

"Ẹnu mi náà ló ń sọ pé kí wọ́n kó o."

Kò sí ẹni nínú wọn tó dárúkọ Àpèkẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ronú kàn án. Àdúràolúwa kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi di ìgbà tí àpéjọ ọdún máa bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ò bá tíì yá nígbà náà, ẹ kó o."

Pásítọ̀ gbà. Àdúràolúwa jáde, ó ranṣẹ́ pe Ernest.

Ernest ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Alákijà. Ọmọ Festac lòun náà, kò sí èdè tí kì í fi ṣàwàdà. Ó dé, ó wo sáfà yí ká bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tí kò jẹun.

"Ṣé ẹ ti gbàdúrà fún un?"

"Ojoojúmọ́."

"Ẹ dín in kù. Bóyá àdúrà ló wúwo lórí ẹ̀."

"Má jẹ́ kí Àǹtí Bernice gbọ́ ẹ o. Á fi ẹ́ sí Ìdúró láàyè."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n wá dojú kọ iṣẹ́. Ernest ní kó má wulẹ̀ ka ohun tí ẹ̀rọ ń sọ mọ́, kó wo ohun tó ń ṣe. Wọ́n ṣí ojú ìwòye kan tó ń fi gbogbo fáìlì tí ẹ̀rọ ń ṣí lọ́wọ́ hàn. Orúkọ èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá sọ̀ kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Inú Ìdúró ni gbogbo wọn ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àdúràolúwa ti fi ètò kan sórí ẹ̀rọ náà látìbẹ̀rẹ̀, ó ń pè é ní Alábòójútó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa rìn yí ká lóòrèkóòrè, kó máa wò ó bóyá bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ ló ṣì wà: ta ló ni fáìlì yìí, ta ló lè ṣí i, ṣé ẹnì kan ti yí i padà? Ó ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ gbogbo fáìlì lórí ẹ̀rọ kejì. Èyí tó bá ti yàtọ̀ sí ẹ̀dà àkọ́kọ́, á mú ti àkọ́kọ́ wá, á fi dí ipò rẹ̀. Nígbà tí Ìdúró kéré, ìrìn yìí kò gbà á ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Ìdúró ti di ìlú ńlá. Alábòójútó ní láti ṣí ohùn kọ̀ọ̀kan, kó kà á láti orí dé ìrù kó tó dá a mọ̀, kó tì í, kó lọ sórí èyí tó kàn. Kó tó dé ìdajì, àkókò ìrìn mìíràn ti tó, òmíràn á sì gbéra lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n wá ń dí ara wọn lọ́nà nínú fódà kan ṣoṣo, ẹ̀rọ ò ráyè mí.

Láàárín àwọn orúkọ tó ń sá kọjá, orúkọ ìyá rẹ̀ kọjá. Àdúràolúwa fi ojú bá a lọ. Ernest rí i.

"Ìyẹn ni?"

"Ìyẹn ni."

"O ò ṣe fi sórí fóònù Bàbá, kó tán níbẹ̀?"

"A ti búra. Ohun tí a bá gbọ́ ní yàrá àdúrà kì í jáde ní yàrá àdúrà. Bàbá gan-an ò ní gbà. Ó ní kì í ṣe orin."

Ernest họrí. "Ó dáa. Ṣé dandan ni kí Alábòójútó wọnú ilé? Ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kó mọ ẹni tó ni ilé, kó má máa ṣí ìkòkò ọbẹ̀ kiri."

Ojú Àdúràolúwa là. Ìlà kan péré ló máa yí nínú ohun tó kọ sílẹ̀ fún Alábòójútó, kó máa wo ẹni tó ni fáìlì nìkan láì ṣí ohùn inú rẹ̀, Ìdúró á sì wà níbẹ̀ láìsí pé wọ́n kó ẹyọ kan dànù. Ó ti fọwọ́ sórí rẹ̀ nígbà tí Ernest tún ní, "Dúró ná. Wò ó, gbogbo ọjọ́ Jimọ́ ló máa ń dá fáìlì rẹpẹtẹ padà sí ti àkọ́kọ́. Kí ló ń dá padà gan-an?"

"Ọjọ́ ni. Bí wọ́n bá gbọ́wọ́ lé e, wọ́n á sèéfù ẹ, ọjọ́ á yí. Kò sí nǹkan míì ńbẹ̀."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é, Ernest."

Ernest kò bá a jiyàn. Àdúràolúwa yí ìlà náà. Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí ẹ̀ kalẹ̀. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, ó gbà. Lẹ́yìn tí Ernest lọ, ó wo ẹ̀rọ kejì, ó rí i pé àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àyè ibẹ̀, àti pé Alábòójútó ò tún ní bi wọ́n ní nǹkan mọ́. Ohun kan náà ló wà níbi méjì lójú tirẹ̀. Ó pa wọ́n rẹ́, kí Pásítọ̀ má baà tún rí ìdí láti sọ pé ẹrù pọ̀.

Àpéjọ ọdún dé. Fóònù gbà, ìwàásù ṣí. Pásítọ̀ Ezra pe Àdúràolúwa síwájú ìjọ, wọ́n ṣàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá Olúgbóyèga dúró dè é lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "O ṣeun, ọmọ Àpèkẹ́," ó ní. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ọbẹ ni ọ̀rọ̀ yẹn padà dà sí i nínú.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, Bàbá sọ fún un pé etí òun fẹ́ máa di. "Àgbà ti dé," ó ní. "Bí màmá ẹ bá ń sọ̀rọ̀, mo ní láti tẹ́tí gan-an. Ó dà bí ẹni tó ti yàrá kejì ń sọ ọ́."

Àdúràolúwa ra íápíìsì tuntun fún un. Ó ní ó dára díẹ̀. Ó yá, ó ní kó bá òun gbé ohùn sókè. Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá lọ bá dókítà elétí. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní etí rẹ̀ gbọ́ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Bàbá fi ṣàwàdà: "Dókítà yẹn, etí tiẹ̀ ló yẹ kí wọ́n wò." Ó sì ń wá láràárọ̀. Bí ohùn náà ṣe ń jìnnà tó ni ó ṣe ń pẹ́ sí i lórí àga. Ó ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń sèéfù ẹ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí àdúrà tuntun ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀.

Àǹtí Bernice ló fura. Ní ọjọ́ Jimọ́ kan ó ki íápíìsì sí etí, ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé e dáadáa tẹ́lẹ̀. Ó wá dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìṣà. Ó ṣí òmíràn, bákan náà ni. Ó ṣí ti Àpèkẹ́. Ó yọ íápíìsì, ó sì lọ pe Àdúràolúwa.

"Wá gbọ́ nǹkan."

"Àǹtí, ẹ mọ̀ pé n ò lè gbọ́ ọ."

"Gbọ́ ọ, ọmọ mi."

Ó gbọ́ ọ. Kò sí ohùn níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ dà bí ìgbà tí òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀ sórí páànù, nǹkan kan sì ń dún bínńtín láàárín rẹ̀ bí agolo. Kò sí ọ̀rọ̀. Kò sí ẹ̀rín. Èèyàn tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè sọ pé obìnrin ló wà níbẹ̀, tàbí pé èèyàn wà níbẹ̀ rárá.

Kò pẹ́ kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ètò tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn ní yàrá àdúrà jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń gé ohùn, tí wọ́n fi ń tò ó. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sèéfù lórí rẹ̀, á tún fún ohùn náà pọ̀ kó lè gba àyè díẹ̀. Bí ìgbà tí wọ́n ń fún aṣọ aláró ni: bí o bá ṣe ń fún un ni aró ń bá omi lọ, títí aṣọ á fi funfun. Tẹ́lẹ̀, Alábòójútó ló ń dá a padà. Àwọn aládùúrà á fún un lọ́jọ́ Jimọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú Alábòójútó á ti mú ti àkọ́kọ́ wá dí i, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ọjọ́ kọ́ ló ń dá padà. Ohùn ni. Ìlà tó yí ló dá a dúró, àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa rẹ́. Ó sáré wo àpótí tí wọ́n ń fi fáìlì pamọ́ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ti ọ̀sẹ̀ tuntun ti bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Òjò orí páànù náà ló wà níbẹ̀.

Ohùn àwọn yòókù há, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ kàn wọ́n. Ti Àpèkẹ́ nìkan ni wọ́n fọwọ́ kàn láràárọ̀. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀sọ̀ náà ni Bàbá fi mú un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Olúgbóyèga dé bó ṣe máa ń dé. Àǹtí Bernice wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, Àdúràolúwa wà nídìí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó."

"Kí ló dé tí ojú ẹ rí báyẹn? O ò sùn?"

"Etí yín ò ṣe nǹkan kan, Bàbá."

Àdúràolúwa sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà bo ara rẹ̀. Ó sọ nípa sísèéfù, ó sọ nípa aṣọ aláró, ó sọ ìlà tó yí. Bàbá ń gbọ́, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

"Ti ẹ̀rọ kejì ńkọ́?"

"Mo pa á rẹ́. Èmi ni, sà. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ yá, kí wọ́n má baà kó o dànù."

"Kí wọ́n má baà kó o dànù," Bàbá tún un sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ká ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mò ń gbọ́ ọ bíi tàwọn yòókù, ṣé ìbá ṣì kù?"

Àǹtí Bernice sọ fún mi pé òun gbàdúrà nínú ara òun pé kí ọmọ náà purọ́. Kò purọ́.

"Ìbá kù díẹ̀, Bàbá."

Bàbá mi orí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó yí i padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́. "Ìwọ náà ò gbọ́ ọ látọjọ́ yìí? Ká ní o gbọ́ ọ, ò bá ti mọ̀."

"N ò lè gbọ́ ọ. Ó ń ká mi lára."

"Ó ń ká èmi náà lára, Àdúrà. Mo sì ń gbọ́ ọ."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Ó ki íápíìsì sí etí, ó ní kí ó ṣí i. Ó gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, ó di ojú, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lásìkò tó yẹ kó dé. Nígbà tó parí, ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí máòsì láti sèéfù. Ó rántí. Ó gbé ọwọ́ náà kúrò, ó sì gbé e sórí itan bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó dìde. Ó ká wáyà íápíìsì jọ, ó gbé e sórí tábìlì, ó dé fìlà rẹ̀. Àǹtí Bernice yà fún un lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Àdúrà, ẹ jẹ́ kí n sìn yín dé géètì."

"Jókòó, Bernice. Mo mọ̀nà."

Àdúràolúwa tẹ̀ lé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pè é. "Bàbá." Ó tún pè é lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá ṣí géètì fúnra rẹ̀, ó rọra tì í sẹ́yìn ara rẹ̀ kó má baà pariwo, ó kọjú sí ọ̀nà Festac. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò, títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀. Kò wẹ̀yìn.